Ọ́ìlì Gíá Tó Funfun Bí Ògì

Ẹ yin Olúwa! Rárá o, ẹ ò yìn ín tó. Òkú mi ni ẹ̀ bá gbé wá síbí, ẹ yìn ín dáadáa!

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó yọ mí nínú omi. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ níwájú pẹpẹ: inú ń bí mi bí mo ṣe dúró yìí.

Ẹ̀yin ará Ajíbọ́dé tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi ni mò ń wà ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan lápá Akínyẹlé. A ní dáàmù níbẹ̀, èmi ni mo máa ń gbé àwọn tó ń bu omi fún àyẹ̀wò. Ọdún kọkànlá rèé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, mo fa ọ̀pá tí a fi ń wo ọ́ìlì gíá yọ. Ha! Ọ́ìlì ti funfun bí ògì. Ẹni tó bá mọṣẹ́ mọ ìtumọ̀ rẹ̀: omi ti wọ inú gíá. Bí irin bá ń yí nínú irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀, ó ń jẹ ara rẹ̀ ni. Mo sáré lọ bá ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ọ́ìlì gíá lónìí. Omi ti wọ̀ ọ́."

Ó ṣí ìwé ọkọ̀. "Wákàtí ọgọ́rùn-ún ni ìwé wí. Ọgọ́ta péré lẹ tíì lò. Kò tíì tó àsìkò."

"Sà, ọ́ìlì tó ṣì dára ni ìwé ń sọ. Èyí ti bàjẹ́. Ẹ wá fojú yín rí i."

Kò dìde. Ọmọ tí mo lè bí! Ó ní, "Ṣé ìwọ lo kọ ìwé ni? Lọ gbé àwọn èèyàn yẹn."

"Ìwọ"! Sí èmi! Èyí tó wá dùn mí jù ni pé mo lọ. Ẹ̀rù kúẹ́rì ló bà mí. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Àwa mẹ́ta la wọkọ̀: èmi, ọmọ yunifásítì kan, àti Arábìnrin Mọ́dúpẹ́ tó ń bu omi fún àyẹ̀wò, tòun ti oyún oṣù méje. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, omi ń wọ́ kọjá lórí ògiri dáàmù, ó ń hó yeeye. Bí a ṣe ń padà bọ̀, gíá ké kaa, ó dákẹ́. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ o, ọkọ̀ ò lọ! Mo fi sí iwájú, pàbó. Mo fi sí ẹ̀yìn, pàbó. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wa lọ sí ibi ògiri yẹn, àpáta ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá Tóyìn, ẹ ṣe nǹkan!" Mọ́dúpẹ́ ti di ikùn mú.

Mo pariwo, "Jésù, torí ọmọ inú yìí!" Àdúrà náà kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àfi gbì! Kùkùté ìrókò kan tó ti wà nínú omi láti ìgbà tí wọ́n ti sé odò ló dá ọkọ̀ dúró. Igi tí mo máa ń bú pé ó ń dí mi lọ́nà! Mo so okùn mọ́ ọn, a dì í mú títí àwọn apẹja fi wá kó wa. Halelúyà! Mọ́dúpẹ́ sì ti bímọ ní ìrọ̀rùn nígbà tí oṣù rẹ̀ pé.

Bí a ṣe gúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀gá ní, "Iṣẹ́ èṣù nìyí."

Èṣù wo? Ṣé èṣù ló kọ̀ tí kò dìde lórí àga? Mo sọ fún un lójú gbogbo èèyàn: "Láti òní lọ, ọjọ́ tí ọ́ìlì bá ti yí àwọ̀ padà, tàbí tó ń rùn bí ohun tó jóná, ọjọ́ náà la ó pààrọ̀ rẹ̀, ì báà jẹ́ wákàtí mẹ́wàá la tíì lò. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ kọ kúẹ́rì!"

Nígbà tí mẹkáníìkì tún gíá ṣe tán, òun fúnra rẹ̀ ló wá sétí omi. Ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ sókè, ó lóṣòó, ó bá mi di àrọ mú títí mo fi rọ ọ́ìlì tuntun tán. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá."

Mo ti dárí jì í. Ìbínú ló kù, ẹ bá mi gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n ẹ dìde ná, ẹ bá mi jó! Ẹni mẹ́ta ló lọ sórí omi, ẹni mẹ́ta náà ló bọ̀. Ògo ni fún Ọlọ́run!