Apá Ọ̀tún Akéde

Alága wa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ yá wa ní ilé ìtẹ̀wé yín fún oṣù márùn-ún, tá a sọ ọ́ di ilé iṣẹ́ rédíò, tá a sì fọ́ fèrèsé yín lẹ́ẹ̀mejì, mo kí yín. Ọ̀gá Olùdarí, mo kí yín, sà. Ẹ̀yin àgbà àdúgbò tẹ́ ẹ rìn kọjá lórí afárá lẹ́ẹ̀mẹsàn-án lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tẹ́ ẹ sì tún ń béèrè bóyá a ò ní rìn ín sí i, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin sójà wa, ẹ fara balẹ̀ jókòó, ẹ ti bọ́ aṣọ ológun, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù yín mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé iná, tẹ́ ẹ gbé kámẹ́rà, tẹ́ ẹ gbé àga kiri, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń po tíì fún wa, mo kí gbogbo yín. Ìyá Aṣọ, mo fi tiyín kẹ́yìn nítorí pé ọ̀rọ̀ yín ló pọ̀ jù lẹ́nu mi. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí ó dùn lẹ́nu mi: ẹ̀yin èèyàn mi. Nígbà tí mo dé ìlú yìí láti wá kàwé, kò sí ẹnì kankan tí mo lè pè bẹ́ẹ̀. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ jù ni ẹ̀rọ tó ń tẹ bébà ní ilé ìkàwé, òun náà kì í sì í dá mi lóhùn àfi tí bébà bá há a lọ́fun.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ ìdágbére lónìí torí pé èmi ni mo kéré jù, èmi sì ni mo máa kọ́kọ́ lọ. Ọkọ̀ mi máa gbéra lọ́la. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti jiyàn lẹ́yìn lọ́hùn-ún pé mi ò ní sọ ju ìlà mẹ́ta lọ kí n tó sá. Mo gbọ́ yín. Kò sí nǹkan tó ṣe etí mi, ohùn mi ni ò lágbára.

Ṣé ẹ rántí bá a ṣe pàdé? Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìkàwé, mò ń jẹ búrẹ́dì jẹ́ẹ́jẹ́ mi, ni sójà mẹ́fà bá yọ sí mi tìbọntìbọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, búrẹ́dì ṣì wà nínú ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn wá sọ fún mi pé, "Àbúrò, fíìmù là ń ṣe o. Sọ ọwọ́ kalẹ̀, o ti wọnú àwòrán." Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀, àmọ́ mi ò lọ. Mo dúró sẹ́yìn òpó, mò ń wò yín. Mo rí i pé sójà tó há fìlà mọ́ abíyá nígbà tó ń wọlé ti jáde láìsí fìlà. Mo sọ ọ́ sí ara mi létí ni o. Àmọ́ Bàbá Etí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ fi ẹ̀rọ yín gbọ́ mi láti òdìkejì ọgbà, lẹ bá pariwo pé, "Ẹnì kan lẹ́yìn òpó ní fìlà sójà yẹn ti sọnù!"

Ọ̀gá Olùdarí ní, "Ta nìyẹn?" Gbogbo yín yíjú sí mi. Mo tún na ọwọ́ méjèèjì sókè.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yin àgbà máa ń bi mí pé kí gan-an ni mò ń ṣe pẹ̀lú ìwé tí mò ń gbé kiri. Ṣé ẹ rí i, a kì í ya fíìmù bí ìtàn rẹ̀ ṣe tò. A lè ya ìparí lọ́jọ́ Ajé, ká wá ya ìbẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ rí i pé bọ́tìnnì tó ṣí lọ́jọ́ Ajé ṣì ṣí lọ́jọ́ Ẹtì, pé tíì tẹ́nì kan ti mu dé ìdajì ò ṣàdédé kún padà. Mò ń ya àwòrán, mò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kí kámẹ́rà tó ṣiṣẹ́, gbogbo yín á dúró, ẹ ó máa wo ẹnu mi, àfi tí mo bá sọ pé "Ó bára mu" ni Ọ̀gá tó lè ní ká bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn kékeré bẹ́ẹ̀, odidi oṣù márùn-ún, mi ò fi ẹnu ara mi kígbe rẹ̀ rí. Mo máa ń sọ ọ́ sínú ni, Bàbá Etí á gbọ́ ọ nínú ẹ̀rọ, wọ́n á sì bá mi ké e síta: "Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní ó bára mu o!" Orúkọ tí mò ń jẹ́ láàárín yín nìyẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Fún àwọn àlejò tí ò mọ ìtàn fíìmù wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní kúkúrú. Àwọn ológun wọ́gi lé ìbò tí aráàlú dì. Wọ́n gbé irọ́ fún akéde rédíò kan pé kó kà á. Akéde gba ìwé irọ́ náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ka èsì tòótọ́. Àwọn sójà já ilẹ̀kùn, ó gba ojú fèrèsé bẹ́ síta, gíláàsì sì gé e lápá. Lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n fi di ojú ọgbẹ́ náà, ó ṣáájú aráàlú gun orí afárá, wọ́n lọ kojú ìbọn lọ́wọ́ òfo.

Lọ́jọ́ tá a ya ìran afárá yẹn, olùkọ́ àgbà tó jókòó sí iwájú mi níbí yìí dì mí lọ́wọ́ mú. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ní ayé tiwa, mo rin irú ìrìn yìí ní tòótọ́. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ò padà délé. Ẹ rọra ṣe é dáadáa o." Mo ní, "A máa ṣe é dáadáa, mà."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo bà á jẹ́.

Rárá, Ìyá Aṣọ, ẹ má mi orí sí mi. Ẹ ní kí n jókòó? Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ní ara mi ò yá. Ara mi yá, mà. Màá sọ ọ́.

Apá ọ̀tún ni gíláàsì gé. Nígbà tá a ya ìran fèrèsé tán, tí wọ́n sì ti di ọgbẹ́ náà, ó yẹ kí n ya òṣèré wa tó ṣe akéde, tí gbogbo wa ń pè ní Akéde, ní àwòrán kí wọ́n tó tú aṣọ ọgbẹ́ náà. Akéde, ẹ má bínú, ojú yín ló ń tì mí. Láti kékeré ni mo ti ń wo fíìmù yín. Ẹ jókòó síwájú jígí nínú yàrá ìmúra, ẹ kọ ẹ̀yìn sí mi, ẹ ń jẹ ẹ̀pà, ẹ sì ń kọrin sínú. Gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ ò ju pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ kọjú sí mi." Ẹnu mi ò gbà á. Mo ya bí mo ṣe rí yín nínú jígí, mo sì sá jáde.

Mo ti gbọ́ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lọ́ọ̀ọ́kán yẹn. Ó ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ọ̀tún tẹ́ ẹ bá yà nínú jígí, òsì ló máa jáde.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, tí gbogbo yín ti tò sórí afárá, Ìyá Aṣọ pè mí. "Kẹ́lẹ́, apá wo ni?" Mo wo àwòrán. Mo ní, "Òsì, mà." Wọ́n yọ pínnì kúrò lẹ́nu. "Ọ̀tún ló wà lọ́kàn mi o. Ṣó dá ẹ lójú?" Mo ní ó dá mi lójú. Wọ́n bi Akéde fúnra ẹ̀, Akéde ní, "Ìyá mi, iṣẹ́ tèmi ni kí n jẹ̀rora. Iṣẹ́ tiyín ni kẹ́ ẹ rántí ibi tó ti ń dùn mí." Ni wọ́n bá so ó mọ́ òsì. Mo ní ó bára mu. Bàbá Etí bá mi ké e síta. Ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni ìjọba sì gbà láti bá wa ti ọ̀nà afárá.

Nírọ̀lẹ́, mò ń to àwọn àwòrán mi sórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí mo rí bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn Akéde. "Ẹ má mu sìgá" ni wọ́n kọ sí i. Gbogbo lẹ́tà ibẹ̀ ló kọjú sẹ́yìn. Inú jígí ni mo ti yà á! Èmi tí mo rí fìlà sójà láti ẹ̀yìn òpó!

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Ọ̀gá Olùdarí pe gbogbo wa jọ. "Ta ló so aṣọ yìí mọ́ apá òsì?" Mo la ẹnu. Ohùn ò tíì jáde tí Ìyá Aṣọ fi dáhùn pé, "Èmi ni mo so ó." Irọ́ kọ́, àwọn ni wọ́n so ó. Ọ̀gá ní, "Ọdún mọ́kànlélógún lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì?" Wọ́n ní, "Ọjọ́ orí ni, Ọ̀gá." Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò jẹ́wọ́.

Nígbà tí a ò lè rí afárá gbà mọ́, a tún ìran fèrèsé yà, kí gíláàsì lè gé apá òsì. Alága, ìdí tí fèrèsé yín fi fọ́ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Títí dòní ni Ọ̀gá ń sọ pé ti àkọ́kọ́ ló dáa jù, pé ojúlówó ẹ̀rù ló wà lójú Akéde lọ́jọ́ yẹn. Akéde sì máa ń dáhùn pé, "Ojúlówó ni. Mo ti gbàgbé pé mátírẹ́ẹ̀sì wà nísàlẹ̀."

Mo lọ bá Ìyá Aṣọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. "Oṣù mélòó lo ti lò níbí?" Mo ní, "Oṣù méjì, mà." Wọ́n ní, "Tí wọ́n bá bínú sí mi, wọ́n á tún pè mí. Tí wọ́n bá bínú sí ìwọ, wọn ò tiẹ̀ ní rántí orúkọ tí wọ́n á fi pè ẹ́ padà. Bá mi ká ṣòkòtò sójà yẹn jàre."

Wọn ò pe Ìyá Aṣọ padà. Lánàá, wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó máa ṣe fíìmù tó ń bọ̀ mọ́ ara ilẹ̀kùn. Orúkọ ẹlòmíràn ló wà níwájú ibi tí wọ́n kọ "Aṣọ" sí. Ìyá Aṣọ dúró sẹ́yìn mi, wọ́n kà á, wọ́n ní, "Bóyá wọ́n fẹ́ kí n sinmi ni." Wọ́n wọlé padà, wọ́n ka aṣọ sójà méjìlélógójì, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bẹ́líìtì rẹ̀.

Ọ̀gá Olùdarí, lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ fún mi, èyí tí mo fẹ́ mú lọ sí ilé ẹ̀kọ́ fíìmù, ló wà lábẹ́ ife tíì yín yẹn. Mo ti kà á láti ibi tí mo dúró sí, bó tilẹ̀ dojú kọ yín. Ìlà kejì ní, "Ojú ọmọ yìí kì í ṣàṣìṣe." Ẹ ò tíì fọwọ́ sí i, láìsí ìfọwọ́sí yín, wọn ò ní gbà mí. Màá sọ òótọ́ fún yín: mo ti rò ó pé kí n gba lẹ́tà mi ná, kí n wá fi àtẹ̀jíṣẹ́ jẹ́wọ́ látinú ọkọ̀ lọ́la. Àmọ́ báwo ni màá ṣe kọ gbogbo ìtàn akéde kan tó kọ̀ láti ka irọ́, tí èmi fúnra mi á sì mú irọ́ lọ sílé ẹ̀kọ́? Akéde kojú ìbọn. Bébà kan ló ń bà mí lẹ́rù.

Àwòrán náà rèé. Ẹ gbé e yí ká. Ẹ wo "Ẹ má mu sìgá" níbẹ̀. Èmi ni mo ṣì í, kì í ṣe Ìyá Aṣọ. Ọ̀tún ló wà lọ́kàn wọn, wọ́n sì sọ ọ́. Tó bá jẹ́ torí apá yẹn lẹ ṣe yọ orúkọ wọn, sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà.

Ó... Ọ̀gá ti gbé ife kúrò. Wọ́n ń fa ìlà gba orí ìlà kejì. Ó dáa, sà. Ó tọ́ sí mi. Wọ́n tún ń kọ nǹkan. Bàbá Etí, ẹ bá mi gbà á, ojú mi ń ṣe bàìbàì. Kí ni wọ́n kọ?

"Ó ń ṣàṣìṣe, ó sì ń sọ ọ́." Wọ́n ti fọwọ́ sí i?

Ẹ ṣé, sà. Àmọ́ Ìyá Aṣọ ńkọ́? Ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́, Ọ̀gá ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn, ṣé ẹ gbọ́? Ọ̀gá tọrọ àforíjì. Wọ́n wá ń béèrè bóyá tépù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́wọ́ Ìyá Aṣọ, torí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ìyá Aṣọ ní, "Ó wà lọ́rùn mi. Ṣé ojú tiyín náà ti ń ṣàṣìṣe ni?"

Ẹ rẹ́rìn-ín báyìí. Mo ti fún yín láyè.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí abẹ́rẹ́ Ìyá Aṣọ máa gba òwú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Akéde, ibikíbi tẹ́ ẹ bá bẹ́ sí, kẹ́ ẹ bá mátírẹ́ẹ̀sì níbẹ̀. Ẹ̀yin sójà wa, kí ìbọn onígi yín má di irin láé. Ẹ̀yin àgbà, kí ó má ṣe sí irọ́ tí wọ́n máa gbé fún àwọn ọmọ yín láti kà, tó bá sì wà, kí wọ́n rí fèrèsé. Àlejò tó bá dé lẹ́yìn mi, tó jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú búrẹ́dì rẹ̀, ẹ yọ sí òun náà.

Bàbá Etí, ẹ yọ nǹkan yẹn kúrò létí, kó má dùn yín. Mi ò ní kí ẹ bá mi ké èyí.

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó bára mu!