Ọwọ́ Tí Múnírá Dì Mú Nínú Òkun

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó dá ẹ̀mí mi sí di òní. Ó fún mi níṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Chicago, Ó fún mi nílé ní Chatham, Ó sì fún mi lọ́rẹ̀ẹ́ tòótọ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ náà ló gbé mi wá síwájú yín. Ẹrù yìí ti pẹ́ lọ́rùn mi, mi ò sì lè gbé e kọjá ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Múnírá. Ilé-kéwú kan náà la lọ ní Ìwó. Bí àáfà bá ń pe orúkọ wa láàárọ̀, ẹni tó tètè dé a máa dáhùn fún èyí tó pẹ́. Múnírá dáhùn fún mi, èmi náà dáhùn fún un. A ò rí i bí irọ́. Ìfẹ́ la kà á sí.

Nígbà tí a ti ń ṣiṣẹ́ níbí, a gba ìsinmi lọ sí erékùṣù kan tí òtútù kì í dé. Ọkọ̀ ojú omi gbé wa lọ síbi tí iyùn ti ń hù lábẹ́ òkun bí igbó. Wọ́n fún wa ní gíláàsì ojú, ọ̀pá tí a ó máa fi mí, àti ẹ̀wù tó ń múni léfòó. Wọ́n pín wa ní méjì méjì, wọ́n ní ẹnì kan ò gbọdọ̀ fi ẹnì kejì rẹ̀ sílẹ̀. Múnírá ní, "Bí ẹja bá bù ẹ́ jẹ, èmi ò mọ̀ ẹ́ rí o."

Omi náà mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí lẹ́rù. Èémí ara mi nìkan ni mò ń gbọ́, ó sì wá dà bíi pé èémí mìíràn ń tẹ̀lé e. Mi ò fọwọ́ kan Múnírá. Mo sá padà sínú ọkọ̀.

Kí ọkọ̀ tó ṣí, ọkùnrin kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ pe orúkọ wa. Ó pe ti Múnírá. Mo rò pé Múnírá ti gòkè, pé ó ń pààrọ̀ aṣọ nísàlẹ̀ ọkọ̀. Mo dáhùn fún un, bí a ti ń ṣe ní Ìwó. Ọkọ̀ ṣí.

A ti rìn jìnnà kí n tó wá a nísàlẹ̀ tí mi ò rí i. Mo figbe ta, wọ́n sì yí ọkọ̀ padà. Bí a ṣe ń padà lọ, ọkùnrin yẹn búra pé òun gbọ́ ohùn obìnrin tó dáhùn. Wọ́n ní irọ́ ló ń pa. Mo dákẹ́. Nígbà tí a gúnlẹ̀ sí èbúté lẹ́yìn náà, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì dákẹ́.

A bá Múnírá níbi tí mo fi í sí, ó dojú kọ ìsàlẹ̀ omi. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé a lọ. Ọ̀gá ọkọ̀ ti bẹ̀ wá pé kí a má sọ fún un, kí a má bàa dẹ́rù bà á. Apá ọ̀tún rẹ̀ nà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pa ọwọ́ dé bí ẹni tó di nǹkan mú.

Ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó gbá mi mọ́ra. Ó ní, "O ṣeun tí o ò jọ̀wọ́ mi. Àmọ́ ọwọ́ ẹ tutù o. Mo ń fà ẹ́ pé ká gòkè, o ò mira. Ìgbà tí mo gbóhùn ẹ́ńjìnnì lo tó jọ̀wọ́ mi."

Mo ní, "A kì í fi ẹnì kejì ẹni sílẹ̀."

Láti ìgbà náà ló ti ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ ọ̀rẹ́ rere ní àsálátù. Bí mo bá sì ń ṣe àlùwàlá, tí omi bá kan ọwọ́ mi, a dà bíi pé ẹnìkan ń wá ìka mi.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó fẹ́ mú ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo lọ síbi iyùn yẹn. Ó ní èmi ni kí ọmọ náà bá wọ omi. Lánàá, nílé wọn ní Woodridge, ọmọ náà di ọwọ́ mi mú, ó sì wò mí lójú.

Ó ní, "Àǹtí, ọwọ́ yín gbóná. Mọ́mì ní ó máa ń tutù."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá jẹ́wọ́, Múnírá á bi mí pé ọwọ́ ta ni òun dì mú. Mi ò mọ̀. Bí mi ò bá jẹ́wọ́, á fi ọmọ rẹ̀ lé ọwọ́ tí kò dúró tì í rí. Ẹ sì bá mi bẹ Ọlọ́hun nítorí ọkùnrin tó sọ òótọ́ tí a sì pè ní òpùrọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kí ẹni tí ẹ gbọ́kàn lé fi yín sílẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ yín ò tólẹ̀. Bí a bá pe orúkọ yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó máa dáhùn. Àmín.