Ọjọ́ Tí Omi Kò Jáde Lára Ẹ̀rọ Wa

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé ọwọ́ sókè sí Ọlọ́run. Alelúyà! Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó dún dáadáa, torí bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, nísàlẹ̀ odò lẹ bá máa wá òkú mi.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, èmi ni Ìyá Ẹ́sítà, ará Manigri níbí. Èmi ni mò ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé àwọn àgbẹ̀ àti iṣu wọn kọjá nígbà òjò, tí odò bá ti bo ọ̀nà oko. Ọkọ mi ló ni ọkọ̀ náà, òun àti ẹ̀rọ tó wà nídìí rẹ̀. Ó ti di ọdún mẹ́ta tó ti kú. Nígbà tí mo ní èmi ni màá máa wà á, ìyá ọkọ mi dìde láàárín ẹbí, ó ní, "Ẹ̀rọ yìí kò ní gba ọwọ́ rẹ. Fi í sílẹ̀."

Mo fi ọ̀rọ̀ náà sínú. Òjò àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Òjò kejì, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Á gbóná débi pé ọwọ́ kò ní ṣeé fi kàn án, á sì kú lójú omi. Bó bá tutù, á tún ṣiṣẹ́. Mo ra ẹsáńsì tuntun, epo tó ń mu, mo pààrọ̀ bùjí tó ń ta iná sí i, bákan náà ni. Ni mo bá sọ fún ara mi pé mo mọ ẹni tó ń ṣe é. Ẹ̀yin ará, ẹ rántí. Ibi tí mo dúró sí yìí náà ni mo dúró sí lọ́jọ́ náà, tí mo ní kí ẹ bá mi gbàdúrà, pé ìyá ọkọ mi ti fi ẹnu ba iṣẹ́ mi jẹ́. Mo dárúkọ rẹ̀. Àwọn kan nínú yín kò kí i mọ́ láti ìgbà náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́rú tó kọjá, mo lọ kó èrò ní òdìkejì. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, omi pupa, ó ń sáré. Ta ni mo rí létí odò? Ìyá ọkọ mi, ó jókòó lórí àpò iṣu. Mi ò lè lé e padà lójú àwọn èèyàn. Ó wọlé, ó wá jókòó sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gan-an. Èrò márùn-ún ni mo gbé. Bí mo ṣe ń tan ẹ̀rọ ni mo ń bá ẹ̀mí burúkú wí nínú ọkàn mi.

A kò tíì dé àárín odò tí mo fi gbóòórùn kàùṣú, ìyẹn rọ́bà, tó ń jó. Èéfín yọ. Mo kígbe, "Jésù! Iná Ẹ̀mí Mímọ́!" Mo tún fún un lẹ́sáńsì sí i, mo fẹ́ kó sáré gbé wa gúnlẹ̀ kó tó kú.

Ni ìyá náà bá sọ̀rọ̀. "Ìyá Ẹ́sítà, omi rẹ̀ kò jáde."

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀!"

"Wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀! Omi tó máa ń tú jáde bí ìtọ̀ ọmọdé. Ọmọ mi kì í kúrò létí odò bí kò bá tíì rí i. Pa á! Pa á kó tó jó tán!"

Mo wò ó. Lóòótọ́, ihò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ gbẹ. Láti ìgbà tí mo ti ń wa ọkọ̀ náà, mi ò bojú wo ihò yẹn rí. Omi odò ni ẹ̀rọ ń fà sókè láti fi mú ara rẹ̀ tutù, á sì tú u síta níbẹ̀. Bí kò bá tú u síta, inú rẹ̀ ń jó nìyẹn.

Mo pa á. Hẹ̀n! Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́, kìkì omi là ń gbọ́, omi náà sì ń gbé wa lọ síbi tí àwọn àpáta wà nísàlẹ̀. Àgbẹ̀ kan, Bàbá Rafayẹ̀lì, ki ọ̀pá bọ omi, ọ̀pá kò kan ilẹ̀. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo gbàdúrà, ṣùgbọ́n mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo kàn ní, "Olúwa, fi ohun tí màá ṣe hàn mí." Igi ńlá kan wà tí ìjì ti wó, ẹ̀ka rẹ̀ nà sójú omi. Bàbá Rafayẹ̀lì fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀ka náà mú. Ọkọ̀ yí bìrí, àpò iṣu kan já sómi, ṣùgbọ́n a dúró. A so okùn mọ́ ọn.

Mo gbé ìdí ẹ̀rọ sókè. Ọ̀rá dúdú kan ti wé mọ́ ibi tó ti ń fa omi, koríko àti yanrìn sì ti dí i pa. Mo yọ gbogbo rẹ̀. Bàbá Rafayẹ̀lì bu omi, ó fẹ́ dà á lé ẹ̀rọ lórí. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ó gbóná. Bó o bá da omi tútù sí i, á là. Jẹ́ kó sinmi." Ó wá fa igi tín-ín-rín kan yọ lára agbọ̀n rẹ̀, ó nà án sí mi. "Fi gún ihò náà. Bí ọkọ rẹ ṣe máa ń ṣe é nìyẹn." Mo gún un, yanrìn ń jáde.

Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó tí a wà níbẹ̀, tí ẹ̀ka igi yẹn ń dún bíi pé yóò já. Nígbà tí mo tan ẹ̀rọ, ihò náà ni gbogbo wa ń wò. Omi jáde! Tín-ín-rín bí òwú, ṣùgbọ́n ó jáde! Alelúyà! A rọra lọ títí a fi gúnlẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ mẹkaníṣíà ní Bassila. Ó tú u níwájú mi. Kẹ̀kẹ́ kàùṣú kékeré kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń fa omi sókè. Mẹ́ta nínú ìyẹ́ rẹ̀ ti já, àjákù wọn ti há sójú ọ̀nà omi. Ó ní, "Ìyá, ẹ ò pààrọ̀ eléyìí rí?" Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀! Ó ní ọdọọdún ni ọkọ mi ń wá pààrọ̀ rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n má tan ẹ̀rọ lórí ilẹ̀ gbígbẹ láé, torí láìsí omi, kàùṣú náà á jó. Kí n sì máa gbé e sókè níbi tí omi kò bá ti jìn, kó má baà fa yanrìn.

Láti ibẹ̀ ni mo ti lọ kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ mi. Mo bi í léèrè ìdí tó fi sọ ohun tó sọ láàárín ẹbí. Ó ní, "Ọmọ kan ni mo bí, mo sì ti sin ín. Ìwọ àti Ẹ́sítà ló kù fún mi. Ṣé kí omi wá gbé ọ lọ ni?"

Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀rù ló ń bà á nítorí mi, èmi sì pè é ní èpè.

Ọlọ́run gbà mí lọ́wọ́ odò. Ó tún gbà mí lọ́wọ́ ẹnu ara mi, ìyẹn gan-an ló le jù. Màmá nìyẹn, lórí ìjókòó tó kángun sẹ́nu ọ̀nà, torí kò sẹ́ni tó sún fún un. Ohun tí mo sọ nípa rẹ̀ níbí, irọ́ ni. Níbí náà ni mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ẹ bá mi yin Olúwa, ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi jó. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ lọ kí ìyá mi.