Ọwọ́ Ère Màríà Tó Wà Nínú Àpótí Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé n kò fi orúkọ mi síbí. Ọmọ ilé-ìwé girama ni mí. Agbowó ni mò ń gbé, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi tí mò ń pè ní Àǹtí Fẹlí. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí kò jẹ́ kí n lè jókòó pẹ́ lójú kan. Bí mo bá ṣí ìwé, màá tún pa á dé. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé Àǹtí fẹ́ ṣe ìpinnu kan. Èmi ni mo fà á, òun kò sì mọ̀.

Olùkọ́ ni Àǹtí ní ilé-ìwé Kátólíìkì tí èmi náà ń lọ, ní apá Bódìjà. Ìjọ yan òun àti àwọn olùkọ́ mìíràn láti lọ gba oyè kejì ní yunifásítì, kí wọ́n lè kọ́ bí a ṣe ń darí ilé-ìwé ìjọ. Ìyanṣẹ́lódì mú kí ẹ̀kọ́ náà pẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Nígbà ọ̀wọ́n epo, ẹsẹ̀ ni Àǹtí fi ń rìn lọ sí kíláàsì lẹ́yìn iṣẹ́. Bó bá dé, á ti ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, á sì tún gbé ìwé lé itan. Ìṣojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Ìdí nìyẹn tí ohun tí mo ṣe fi burú.

Ara ẹ̀kọ́ wọn ni pé kí olúkúlùkù ṣe adelé ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ fún sáà kan. Sístà àgbà kan tó ń kọ́ wọn yóò sì máa wá wo bó ṣe ń ṣe é. Ohun tí Àǹtí yàn láti fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ni bí a ṣe lè tọ́ ọmọ láìlo pàṣán. Ó kó gbogbo pàṣán tó wà nínú ọ́fíìsì, ó ní kí a fi wọ́n gbé tòmátì inú ọgbà ilé-ìwé ró. Olùkọ́ tó ń rí sí ìbáwí, tí àwa ọmọ ń pè ní Kòbókò lẹ́yìn rẹ̀, dúró wo ọgbà náà.

Ó ní, "Ẹ wò ó, Mádàámù, àwọn tòmátì yìí nìkan ni yóò dúró ṣánṣán nílé-ìwé yìí."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àǹtí pàápàá rẹ́rìn-ín.

Lóṣù karùn-ún, a máa ń fi òdòdó ṣe adé, ọmọbìnrin kan yóò sì fi dé ère Màríà lórí níwájú gbogbo ilé-ìwé. Bísí ni wọ́n yàn. Ẹ jọ̀ọ́, mo jowú. Mo rò pé èmi ni wọn ì bá yàn. Nígbà tí a parí ìgbáradì, tí àwọn yòókù lọ pọn omi tí a fẹ́ fi nu ilẹ̀, mo gun àga, mo sì gbé adé náà lé ère lórí, kí n kàn mọ bó ṣe máa ń rí. Àga mì. Mo di ère náà lọ́wọ́ mú kí n má baà ṣubú, ọwọ́ náà sì já mọ́ mi lọ́wọ́.

Inú rẹ̀ funfun bíi ṣọ́ọ̀kì. Mo ti ọwọ́ náà bọ inú ìbọ̀sẹ̀ mi, mo sì lọ bá wọn pọn omi.

Nígbà tí a tò lórí ìlà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí kò pariwo. Ó ní, "Ẹni tó ṣe é, kó wá bá mi ní ilé àdúrà nígbà ìsinmi ọ̀sán. Èmi nìkan ni màá wà níbẹ̀. Mi ò ní nà án, mi ò sì ní dárúkọ ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni."

Ọmọ kan lẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín sínú. "Ẹni tó bá lọ, ó ti di ẹran ọbẹ̀ nìyẹn o!"

Ojoojúmọ́ ni Àǹtí ń lọ jókòó síbẹ̀. Mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kọjá bí ẹni tí kò rí i. Lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà. Kò bojú wẹ̀yìn, ó kàn sún lórí bẹ́ǹṣì, ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Mo sá lọ.

Sístà dé, ó rí ère náà. "Kí lẹ ń ṣe sí i?"

Àǹtí ní, "Mò ń dúró, Sístà."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí ọmọ náà yóò fi wá."

N kò lọ. Nígbà tí sáà parí, Kòbókò fa àwọn pàṣán rẹ̀ yọ nínú ọgbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àǹtí ń wò ó láti ojú fèrèsé. Àwọn tòmátì náà wó lulẹ̀.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún Fadá, ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ kò ju pé mo ba nǹkan tí kì í ṣe tèmi jẹ́. Bóyá Fadá rò pé àwo ni. Ó ní kí n ka "Mo kí ọ, Màríà" díẹ̀. N kò lè kà á já.

Ní báyìí, Bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ kí Àǹtí lọ ṣe ọ̀gá ilé-ìwé tuntun kan lápá Ṣáléǹjì. Nígbà tí a ń ṣa ẹ̀wà, ó ní òun yóò kọ̀ ọ́.

"Ọmọ kan péré ni mo dúró dè. Bí kò bá lè tọ̀ mí wá, kí ni mo fẹ́ lọ fi ṣe ọ̀gá?"

Mo ní, "Bóyá ẹ̀rù yín ló ń bà á, Àǹtí."

"Ẹ̀rù èmi? Èmi tí mi ò na ẹnikẹ́ni rí?"

Mo tẹjú mọ́ ẹ̀wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú kí ọ̀rọ̀ mi yé yín. Ká ní ó máa nà mí ni, ǹ bá ti lọ tipẹ́. Ohun tí n kò lè fara dà ni pé kó dárí jì mí, ká sì jọ padà sílé lọ jẹun.

Bí mo bá dákẹ́, yóò kọ iṣẹ́ tó fi ẹsẹ̀ rìn lọ kọ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, yóò mọ̀ pé ọmọ tí òun ń dúró dè ń sùn nínú ilé òun, ó sì ń wo òun lójú. Èwo ló sàn nínú méjèèjì? Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ òbí, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí láti inú ilé ìdáná pé kí ni mò ń kọ láti àárọ̀. Mo ní àròkọ ni. Òun ló máa ń bá mi wo àròkọ mi, òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

Ó ní, "Ó dáa. Bí o bá parí ẹ̀, gbé e wá kí n bá ọ wò ó."

Ó ti parí. Mo ti yọ ọwọ́ ère náà nínú àpótí, ó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yìí. Mo ń gbọ́ tí ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ bọ̀.