Èwo Ni Ẹ̀gbọ́n Nínú Wọn?

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ẹlòmíràn níbí. Mo máa ń mi orí, mo máa ń sọ pé, "Ẹni yìí ò ṣe dáadáa rárá." Ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn, tèmi jókòó sínú mi jẹ́ẹ́, bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé bàbá tí mo ṣẹ̀ ṣì wà láàyè. Ojú wọn ti fọ́. Ohun kan wà tí wọ́n fẹ́ mọ̀ kí wọ́n tó fi ayé sílẹ̀, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Àwọn ológun ló wà lórí àga nígbà náà, bí àwọn ológun mìíràn ṣe wà níbẹ̀ báyìí. Ìgbà tí a ń tò kí a tó rí ọṣẹ àti ìrẹsì rà ni. Mo jẹ́ táípíìsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní ìsàlẹ̀ Bàrígà, ẹ̀ka yunifásítì kan. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ́fíìsì Pírínsípà ni wọ́n fi mí sí.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá, Onítẹ̀bọmi ni wá. Yàrá kan ni gbogbo wa ń gbé ní Fọlá Agoro. Wọ́n ti dá bàbá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, òwú ìránṣọ ni ìyá mi ń tà. Mi ò fi èyí ṣe àwáwí. Tàbí kẹ̀, mo fi ń ṣe é díẹ̀.

Ọ̀gá mẹ́ta ni gbogbo wa ń bẹ̀rù nínú ọgbà náà: Pírínsípà, Akọ̀wé Àgbà tí a ń pè ní Rẹ́jísírà, àti ọ̀gá ilé ìkàwé. Rẹ́jísírà àti ọ̀gá ilé ìkàwé, ìbejì ni wọ́n. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n, Mùsùlùmí, láti ilé tí akọ̀wé pọ̀ sí. Bàbá Táíwò ni Rẹ́jísírà, Bàbá Kẹ́hìndé ló ń tọ́jú ìwé. Ojú kan náà, ohùn kan náà, fìlà kan náà.

Ní àárọ̀ ọyẹ́, tí kùrukùru bá bo ọ̀sà mọ́lẹ̀, mo máa ń rí ọkùnrin kan tó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀. Màá kúnlẹ̀, màá ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Kí n tó dìde tán, ọkùnrin kan náà á tún máa gun àtẹ̀gùn bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó máa ń ṣe mí bíi pé mi ò tíì jí lórí ẹní. Ìró bàtà nìkan ni mo fi ń dá wọn mọ̀. Bàbá Táíwò máa ń yára, Bàbá Kẹ́hìndé máa ń wọ́ ẹsẹ̀.

Bàbá Kẹ́hìndé fẹ́ràn mi. Wọ́n gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú ilé ìkàwé fún mi, pé kí n máa wá kàwé lọ́sàn-án nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá lọ jẹun. "Àbẹ̀kẹ́, jókòó," ni wọ́n máa ń sọ. Àwọn nìkan ló ń fi oríkì mi pè mí nínú gbogbo ọgbà náà. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Tí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀, orí mi á wú, ilẹ̀ á fúyẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Ṣùgbọ́n orí tábìlì Bàbá Táíwò ni ìwé mi wà. Iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ni mo ń ṣe, wọ́n sì ti ń lé àwọn bíi tèmi lójoojúmọ́. Bàbá Táíwò ṣèlérí pé àwọn máa buwọ́ lu ìwé tó máa sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi kí oṣù tó parí. "Ọmọ yìí, fọkàn balẹ̀," ni wọ́n wí. Ọkàn mi ò balẹ̀.

Nígbà tó yá, àṣẹ jáde pé ọmọ ìyá méjì kò gbọdọ̀ wà nípò ọ̀gá àgbà nílé ẹ̀kọ́ kan náà. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn tì. Alága ìgbìmọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló máa sọ ẹni tó máa lọ. Ọ̀gágun ni alága yìí, Òkè Ọya ló ti wá, kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tẹlifóònù dún. Pírínsípà ti lọ sípàdé, èmi ni mo gbé e. Ohùn alága ń lọ, ó ń bọ̀, bí ohùn ẹni tó wà nísàlẹ̀ omi. Gẹ̀ẹ́sì ló sọ, ṣùgbọ́n ohun tó sọ rèé: "Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ẹ̀gbọ́n ni kó lọ. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ bí." Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, mi ò fi nǹkan kan sílẹ̀.

Ẹ̀yin náà ti mọ ibi tí mo ń lọ. Lójú ọ̀gágun yẹn, ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni ẹ̀gbọ́n, Táíwò nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, Kẹ́hìndé ló rán Táíwò níṣẹ́ pé kó lọ tọ́ ayé wò. Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n.

Mo mú bébà. Mo kọ ọ́ pé, "Alága ní ẹ̀gbọ́n ni kó lọ." Ọwọ́ mi dúró níbẹ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó lórí àga yẹn. Eruku ọyẹ́ ń fò nínú oòrùn. Mo ń rí ìwé mi lórí tábìlì Bàbá Táíwò. Mo ń rí ìyá mi tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń ká òwú tí ẹnì kan ò rà. Ẹ̀rù bà mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo fi bébà náà sórí tábìlì Pírínsípà láìkọ ìyókù.

Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n kà á, wọ́n sì mí kanlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n. Kẹ́hìndé nìyẹn, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni mo dáhùn. "Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Sójà yìí mà mọ àṣà wa o."

Irọ́ kọ́ ni mo pa lọ́jọ́ náà. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Òótọ́ tí gbogbo Yorùbá mọ̀ ni mo sọ, òótọ́ yẹn ni mo sì fi ba ayé èèyàn jẹ́.

Èmi ni mo tẹ lẹ́tà náà, èmi ni mo gbé e lọ sí ilé ìkàwé. Bàbá Kẹ́hìndé dúró kà á. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un kà. "Wọ́n ní nítorí pé èmi ni ẹ̀gbọ́n," ni wọ́n wí. "Kò burú. Ẹ̀gbọ́n ló yẹ kó sún fún àbúrò." Mo bú sẹ́kún. Wọ́n rò pé àánú wọn ló ń ṣe mí. "Àbẹ̀kẹ́, má sunkún mọ́," ni wọ́n ń sọ, àwọn tí wọ́n ń lé ló wá ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Wọ́n kó kúrò nílé tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fún wọn, wọ́n lọ gba yàrá kan àti pálọ̀ ní Pedro. Páálí ìwé kún pálọ̀ náà débi tí èèyàn ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Bàbá Táíwò buwọ́ lu ìwé mi kí oṣù tó parí, bí wọ́n ṣe ṣèlérí.

Lọ́jọ́ kan mo ra ẹ̀pà ní Pedro. Ojú ewé tí wọ́n fi dì í ní òǹtẹ̀ orúkọ Bàbá Kẹ́hìndé lára. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé wọ́n ti ń ta àwọn ìwé wọn fún àwọn alátẹ. Mo jẹ ẹ̀pà náà tán. Mo tẹ́ ojú ewé náà, mo fi í sínú Bíbélì mi. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Ìyàwó wọn, Màmá Bọ́lá, kò gbà pé ọ̀rọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀. Màmá ní Táíwò ló lọ bá àwọn sójà ní kọ̀rọ̀, pé ó ta ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí àga, kó má ṣe fẹsẹ̀ kan ilé àwọn mọ́. Bàbá Táíwò wá bá mi lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"Ọmọ yìí, kí gan-an ni alága sọ lórí fóònù?"

"Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n sọ, sà."

"Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, sà."

Èyí gan-an wá ni irọ́. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ó dáa." Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ wọn ń wọ́ nílẹ̀ bíi ti ẹ̀gbọ́n wọn.

Ọdún gorí ọdún. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà padà dá èmi náà dúró, kí ẹ má baà rò pé mo jẹ ẹ́ gbé. Mo ń tẹ̀wé báyìí ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye. Bàbá Táíwò kú lọ́dún yìí kí ààwẹ̀ tó wọlé. Bàbá Kẹ́hìndé ní kí wọ́n mú àwọn lọ síbi ìsìnkú. Màmá Bọ́lá ní, "Ẹni tó tà yín?" Wọ́n ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ yìí títí tí àwọn tó ń sìnkú fi da erùpẹ̀ bo Bàbá Táíwò. Ìbejì kan kò sí níbi tí wọ́n ti sin èkejì. Ọwọ́ mi ló ṣe é.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá Kẹ́hìndé ránṣẹ́ sí mi pé àwọn fẹ́ kọ ìtàn ayé àwọn fún àwọn ọmọ-ọmọ, pé Àbẹ̀kẹ́ ni kó wá tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun ni mo ń lọ. Wọ́n á jókòó sórí àga, ojú wọn á máa wo òkè ibi tí kò sí nǹkan kan. Wọ́n á máa sọ, èmi á máa kọ. Nígbà mìíràn mo máa ń gbàgbé ọdún tí a wà. Mo máa ń rò pé tí mo bá gbójú sókè, màá rí fèrèsé ilé ìkàwé yẹn.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, a dé ibẹ̀. "Kọ ọ́ sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Nígbà tí wọ́n ní kí ọ̀kan nínú wa lọ, èmi ni mo lọ, torí pé èmi ni ẹ̀gbọ́n. Kò sí ohun tí mo ṣe láyé tó dùn mọ́ mi tó o." Mo kọ ọ́. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀ kí Màmá Bọ́lá má baà gbọ́. "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o rò pé Táyé lọ́wọ́ sí i? Mo kàn fẹ́ mọ̀ kí n tó lọ bá a." Mo ní mi ò mọ̀. Irọ́ kejì nìyẹn. Wọ́n ní kí n fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ ojú ewé náà, fún ìgbà tí àwọn bá mọ̀.

Láti ọjọ́ náà, mo máa ń lálàá àtẹ̀gùn yẹn. Àwọn méjèèjì á gòkè wá bá mi nínú kùrukùru, wọ́n á dúró. Mi ò ní gbọ́ ìró bàtà rárá. Wọ́n á ní kí n dárúkọ ẹ̀gbọ́n nínú àwọn, màá sì wà lórí ìkúnlẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá sọ òótọ́, Bàbá Táíwò á di aláìmọwọ́-mẹsẹ̀ nínú ibojì. Ṣùgbọ́n Bàbá Kẹ́hìndé á mọ̀ pé kì í ṣe ipò ẹ̀gbọ́n ló mú àwọn lọ, pé ẹ̀rù tó ba táípíìsì kan ni. Ohun kan ṣoṣo tó dùn mọ́ wọn láyé, ṣé èmi náà ni kí n tún wá gbà á?

Ohun kan ṣẹ́kù tí mi ò tíì sọ. Tí a bá ti ṣíwọ́ ìwé ní Jímọ̀, èmi ni mo máa ń ka ìwé ìròyìn yìí sí wọn létí. Ojú ewé yìí ni wọ́n fẹ́ràn jù. Tí ẹ bá tẹ lẹ́tà yìí jáde, wọ́n á ní kí n kà á, ó sì rọrùn fún mi láti ṣí ojú ewé mìíràn, torí wọn ò ríran. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde náà. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run pé kí n má ṣe ṣí i kọjá.

Bàbá mi, tí ẹ bá ń gbọ́ ibi tí mo dé yìí, á jẹ́ pé mo kà á tán. Àbúrò yín ò tà yín. Àbẹ̀kẹ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, sà.