Ohùn tó ń pè é lẹ́yìn

Lórí àga ẹ̀yìn pátápátá nínú ọkọ̀ gbaka tó ń ti Abobo Gare lọ sí Adjamé ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, láàárín ìyá aláṣọ kan àti ọmọbìnrin tó gbé ọ̀rá oògùn lé ẹsẹ̀.

"Oògùn kí nìyẹn, ọmọ mi?"

"Ti wárápá ni, mà. Mo kàn ń gbé e kiri ni. Ó ti tó deux mois, oṣù méjì gbáko, tí mi ò lò ó mọ́."

"Háà! Ṣé kò ṣiṣẹ́ ni?"

"Ó ṣiṣẹ́, mà. Kí n tó ṣubú, mo máa ń gbọ́ ohùn obìnrin kan lẹ́yìn mi, á máa rọra pe orúkọ mi bí ìgbà tí ìyá ń jí ọmọ rẹ̀. Oògùn yìí ló pa á lẹ́nu mọ́."

"Ṣé ìyẹn ò wá dáa ni? Wọn kì í dá ẹni tí wọn ò rí lóhùn o!"

"Mà, ní ilé wa, wọ́n ti ya abọ́ mi àti ife mi sọ́tọ̀. 'Ìwọ yẹn' ni wọ́n ń pè mí. Ohùn yẹn nìkan ló ṣì ń pe orúkọ mi."

Gbólóhùn yẹn ò tíì kúrò létí mi. Ìyá náà di ọwọ́ ọmọbìnrin náà mú.

"Èmi náà á máa pè ọ́. Kí lorúkọ rẹ?"

Ọmọbìnrin náà la ẹnu láti sọ ọ́. Ó ṣàdédé yíjú sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n pè, síbi tí kò sí nǹkan kan àfi gíláàsì ọkọ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní:

"Mà?"