Ohun Tí Aláwàdà Sọ Nínú Ilé Imí Ọjọ́

Àbúrò mi, jókòó. Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ má jáde. Mi ò ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè, torí ó há mi láyà ju ikọ́ yìí lọ. Àwàdà kọ́ ló pa bàbá yín. Èmi ni.

Ẹ̀yin ọmọ ò dé orí òkè tó ń rú èéfín yẹn rí. Imí ọjọ́ la ń wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé oníimí dé, àwa náà á rẹ́rìn-ín. Inú ihò òkè ni èéfín gbígbóná ti ń jáde. Ibi tó bá ti tutù ló ti ń dì, á pọ́n rúsúrúsú. Kò le, ó máa ń fọ́ wẹ́wẹ́, tó o bá sì dì í mọ́wọ́, wàá gbọ́ tó ń ta pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́. Àwọn tó ń ṣe táyà ló ń rà á jù. Àmọ́ tó bá gbaná, iná rẹ̀ á dà bí aró, ojú kì í tètè rí i lọ́sàn-án, èéfín rẹ̀ sì ń pani. Ká ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kó má rí afẹ́fẹ́, bí a ṣe ń pa á nìyẹn.

Bàbá yín, tí gbogbo wa ń pè ní Aláwàdà, ló wà nínú ilé ẹrù tí a ń kó àpò imí ọjọ́ sí, lọ́sàn-án ọjọ́ tó kú. Ó fẹ́ràn kó máa jó láàárín àwọn àpò láti pa wá lẹ́rìn-ín. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà tó fi ké láti inú lọ́hùn-ún pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó ń jó o!" Ẹ rántí ohun tí mo sọ fún yín lẹ́yìn náà: pé mo rò pé ijó ló ń wí, ni èmi náà bá fi eré ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ sì gbà mí gbọ́ nígbà náà. Ta ni ò ní gbà, nígbà tó jẹ́ Aláwàdà?

Irọ́ ni mo pa. Mo rí iná náà tó ń yọ́ rìn lórí àwọn àpò. Mo ní tí mo bá dúró dè é, iná á ràn, wọ́n á sì gba ipò ọ̀gá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi. Ẹrù ni mo yàn. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fẹ̀yìn tì í. Ó kan ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo wà níbí o." Kò pariwo, bóyá ó rò pé mi ò mọ̀ ni. Mo mọ̀. Mo dúró títí ó fi dákẹ́. Ìkà ni mí. Iná kú, ẹrù ò bàjẹ́, wọ́n sì yìn mí.

Àbúrò mi, o gbà pé àwàdà ló pa ọkọ rẹ. Láti ìgbà náà, ọmọ tó bá dápàárá nílé yìí, ìgbátí ni. Mo jókòó, mò ń jẹ oúnjẹ rẹ, mò ń wò ọ́ bí o ṣe ń gbá wọn, mi ò sọ nǹkan kan. Mi ò lẹ́nu láti ní kó o dárí jì mí. Àwọn ọmọ yìí ni mò ń bẹ̀ ọ́ fún. Bàbá wọn ò ṣàwàdà lọ́jọ́ yẹn. Iná ló rí, èmi ló ké pè. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín.